Ọjọ́ Tí Rọ́bà Kọ̀ Láti Wọlé ní Ìkọ̀tún

Àwọn tó bá gbọ́ pé mo fi ilé sílẹ̀ máa ń rò pé òkun ni mo kọjá. Mi ò kọjá òkun kankan. Kétu ni ilé mi, ní orílẹ̀-èdè Benin, Yorùbá sì ni à ń sọ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà sí àárín wa. Ìkọ̀tún ní Èkó ni mo wá. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo fẹ́ ra iyọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ó tẹ́tí sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí ẹni tó jókòó tì í.

"Ará Kútọnu ni èyí, àbí?"

"Òun ni. Bi í bóyá ìyá rẹ̀ ló ń se ẹ̀wà Àgànyìn."

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé Kútọnu kò sí nítòsí Kétu, àti pé ará Kétu tó bá lọ sí Kútọnu, ìlú onílùú lòun náà lọ. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni mo wá rà. Mo gba iyọ̀ mi, mo lọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. Mo ti gbà á tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ń sọ èdè àwọn tó bá nílùú kò lè jẹ́ àlejò níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè kan náà kì í sọ ènìyàn di ọmọ ilé kan náà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí o gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ.

Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Mo kọ ìwé sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni márùn-ún láti Ẹ̀gbẹdá dé Ìgàndó pé mo lè kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò. Ọ̀kan ní Ìgàndó pè mí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà wo ìwé ẹ̀rí mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé. Mo ní ìṣirò ni mo kà. Wọ́n ní àwọn tó mọ ìṣirò pọ̀ ní Ìgàndó. Báyìí ni mo ṣe di Mọ̀síọ̀, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn, nígbà tó ṣe, ó tẹ̀lé mi dé ilé, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní orúkọ mi mọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́ ló mú mi kúrò ní Kétu. Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì, egbò bo ìfun ńlá mi débi pé oògùn kò ràn án mọ́. Wọ́n yọ ìfun ńlá náà kúrò pátápátá, wọ́n sì rán ìsàlẹ̀ pa. Dọ́kítà àlejò kan tó wá fún ìgbà díẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó mú ìparí ìfun kékeré mi, ó fi rán àpò kan sínú ikùn mi, ó sì ṣe ẹnu ọ̀nà kan sí i tó máa ń ti ara rẹ̀. Ihò kékeré kan ló wà ní ìsàlẹ̀ ikùn mi lápá ọ̀tún, kò tó kọ́bọ̀ ayé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá yọ ìfun ńlá wọn ló máa ń gbé àpò ike kọ́ ìta ikùn. Tèmi wà nínú, mo sì ń fi aṣọ funfun kékeré kan bo ihò náà. Lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, mo máa ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ibẹ̀ wọlé, kí ohun tó wà nínú àpò lè ṣàn jáde. Bí mi ò bá ṣe é, kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì kéré.

Nọ́ọ̀sì tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni Àǹtí Fẹ́lí. Wọ́n kọ gbogbo òfin rẹ̀ sí ìwé pélébé kan fún mi. Ohun tí wọn kò kọ sínú ìwé ni wọ́n máa ń fi ẹnu sọ jù lọ. "Ẹnu ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Tí o bá kan ilẹ̀kùn tí kò ṣí, má fẹsẹ̀ já a."

Ní Kétu, gbogbo agbo ilé wa ló mọ̀. Bí mo bá dìde lórí ìjókòó, ojú á tẹ̀lé mi. Ìyá mi á wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á pariwo kọjá àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti àwọn àlejò wọn, "Bàbá mi, ṣé o ti ṣe é?" Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí gbogbo ilé ń gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ lè lé ènìyàn kọjá ààlà. Mo fẹ́ dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ nǹkan kan nípa ikùn mi.

Ìyá mi gbà pẹ̀lú àdéhùn kan. "Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ kọ̀ láti wọlé, ilé lò ń bọ̀."

Mo gbà. Mo ti ṣírò rẹ̀: láti ọdún mẹ́ta, kò tíì kọ̀ rí. Ìṣirò mi kò burú. Ìkọ̀tún ni mi ò fi kún un.

Yàrá mẹ́jọ ló wà ní ilé tí mo ń gbé, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀nà tóóró kan wà láàárín. Tọ́lẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lẹ́yìn, ọ̀kan ti bàjẹ́ kí n tó dé. Gbogbo wa ń tò síwájú èkejì láràárọ̀ pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mi máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí kò bá sí wàhálà. Ní ilé yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó láti dá ìjà sílẹ̀.

Wàídì, télọ̀ ará Ìbàdàn tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi, ló máa ń kanlẹ̀kùn jù.

"Mọ̀síọ̀, ṣé ilé lò ń kọ́ síbẹ̀ ni?"

"Mò ń bọ̀."

"O ti ń bọ̀ láti àná. Ẹ bá mi wo bíríkìlà yìí."

Nígbà tó yá, ó ṣàánú mi. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra sọ fún mi pé òun mọ ohun tó ń ṣe mí, pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, kò sì yẹ kí ojú tì mí. Ó gbé ìgò àgbo kan fún mi. Mo dúpẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé wọ́n ti yọ ibi tí jẹ̀díjẹ̀dí ń gbé kúrò ní ara mi. Fún oṣù méjì, ó ń béèrè lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn bóyá àgbo náà ń ṣiṣẹ́.

Àlájà ló ni ilé náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, opó ni wọ́n, wọ́n sì ti ta àwo fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọjà Ìkọ̀tún kí orúnkún wọn tó ní kí wọ́n jókòó. Ọ̀nà tóóró àárín ilé ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó lè kọjá láìgbọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ibẹ̀ jẹ́ igbó, wọ́n á ka àwọn tó bá wọn gé igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá dé orí típà mẹ́ta tó gbé iyanrìn wá. Mo mọ ìtàn náà débi pé bí típà kẹta bá há sínú ẹrẹ̀, mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù. Mo ti kọ́ láti máa fi fóònù sétí bí mo bá fẹ́ kọjá, láìsí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ní ìṣẹ́gun díẹ̀ nígbà náà. Mo sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé ara mi fẹ́ kí n máa tètè lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ti àwọn olùkọ́ àgbà. Kọ́kọ́rọ́ kékeré ni. Mo so ó mọ́ ti yàrá mi. Mi ò rò pé mo ti ní ohun kan ní Èkó tó wù mí tó o.

Ìṣẹ́gun kejì kò parí dáadáa. Mo rò ó pé kò yẹ kí n dúró di ọjọ́ wàhálà kí n tó mọ dọ́kítà. Mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan láti forúkọ sílẹ̀. Dọ́kítà tó wà níbẹ̀ kò fi ọjọ́ orí jù mí lọ púpọ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó wo ikùn mi.

"Báàgì rẹ dà?"

"Kò sí báàgì. Inú ló wà."

"Inú kí ni?"

"Inú ikùn, dọ́kítà."

Ó wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo àjà ilé. Ó ní kí n má bínú, òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí àfi nínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, kí n tètè wá. "A ó wá nǹkan ṣe sí i."

Olóòótọ́ ènìyàn ni. Òótọ́ rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Mo gbé "a ó wá nǹkan ṣe sí i" yẹn yẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò rí ìtumọ̀ kan fún un tó dùn mọ́ mi.

Ìyá mi ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọn kì í béèrè iṣẹ́, wọn kì í béèrè Èkó. Lẹ́yìn ìkíni, ìbéèrè kan náà ni. Mo máa ń dáhùn pé, "Mo ti ṣe é," inú á sì máa bí mi pé mo kọjá ààlà orílẹ̀-èdè kan láti wá máa dáhùn rẹ̀ lórí fóònù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀, nínú ọyẹ́. Mo ti lo rọ́bà ní aago méje àárọ̀, àṣẹ́kù jẹ́lì tí mo fi ń pa á lórí sì tán níbẹ̀. Jẹ́lì yẹn, omi ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe epo. Mo lọ sí kẹ́míìsì. Wọ́n ní tiwọn ti tán, kí n padà wá ní ọjọ́ Ajé, pé ní báyìí ná, kí ni Fasilíìnì ṣe tí mi ò lè lò ó. Mo kọ Fasilíìnì. Ìwé Àǹtí Fẹ́lí sọ ọ́ kedere pé jẹ́lì olómi nìkan, bí kò bá sí, kí n lo omi lásán.

Ṣùgbọ́n òrí wà nílé. Ìyá mi ló fi rán obìnrin oníṣòwò kan sí mi, odindi ike kan, òrí Kétu. Òrí yẹn ni wọ́n ti ń fi pa mí lára láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Bí ẹlòmíràn bá sọ fún mi pé òun fi òrí pa rọ́bà, ìbéèrè mẹ́wàá ni màá bi í. Òrí ìyá mi, mi ò bi í ní ẹyọ kan. Ní aago méjìlá, mo mú un wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì lọ.

Rọ́bà wọlé. Ohunkóhun kò jáde. Mo rò pé kò tíì dé inú àpò, mo tì í sí i. Ó dùn mí. Kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo fà á jáde ni mo rí i: ihò méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rọ́bà náà, ibẹ̀ ni nǹkan ń gbà wọ inú rẹ̀, òrí sì ti dí méjèèjì pinpin. Nínú ọyẹ́, òrí máa ń le bí àbẹ́là. Ọmọ Kétu wo ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi gan-an mọ̀ ọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ náà tí mo fẹ́ fi para, ṣíbí ni mo fi bù ú nínú ike.

Mo fọ rọ́bà, mo tún un tì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ju gígùn ìka kan lọ tó fi dúró. Mo tún un gbìyànjú. Ó dúró síbẹ̀ náà.

"Mọ̀síọ̀." Wàídì nìyẹn. "Ìyàwó yẹn, ṣé o ti fẹ́ ẹ tán níbẹ̀ àbí ká ṣì máa kó ẹrù wá?"

Ẹ̀rín sọ níta. Ikùn mi fún pọ̀ bí ìkúùkù. Mo tì í lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì mọ̀ bí mo ṣe ń tì í pé agbára ti wọ ọwọ́ mi ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá orí rọ́bà jáde. Mo kó nǹkan mi, mo jáde. Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ìwé sọ nìyí: bí wákàtí mẹ́jọ bá pé tí kò ṣí, ilé ìwòsàn. Ìyẹn jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán. Ní ilé ìwòsàn, wọn á wá nǹkan ṣe sí i. Bí wọ́n bá fi ipá ti nǹkan wọ ẹnu ọ̀nà yẹn, ó lè bàjẹ́, bó bá sì bàjẹ́, iṣẹ́ abẹ mìíràn ni. Dọ́kítà tó mọ̀ ọ́n ṣe ti padà sí ìlú rẹ̀.

Ìyá mi pè bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá mi, ohùn rẹ ti yí."

"Ọyẹ́ ti dé níbí, mà."

"Ọyẹ́ burú. Ṣé o ń fi òrí para?"

"Mò ń lò ó, mà."

Mi ò parọ́. Mo kàn ń fi òótọ́ kékeré bo ti ńlá. Wọ́n béèrè ìbéèrè wọn, mo ní mo ti ṣe é ní àárọ̀. Òótọ́ náà ni. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ka gbogbo òótọ́ tí mo sọ, mi ò rí èyí tí mo lè fi yangàn.

Mo pe Àǹtí Fẹ́lí. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n tó gbé e, aago kan ti kọjá. Mo ṣàlàyé, títí kan òrí. Wọ́n ní kí n tún ibi òrí yẹn sọ.

"Ó dáa. Má fọwọ́ kàn án fún ìdajì wákàtí. Àpò ti kún, o sì ń bẹ̀rù, gbogbo ẹran ara ibẹ̀ ti dì mọ́ ara wọn. Lọ wá omi gbígbóná. Fi aṣọ gbígbóná lé ikùn. Fi rọ́bà sínú omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ kí ó rọ̀. Má ṣe é lórí ìdúró. Dùbúlẹ̀, fẹ̀yìn lélẹ̀, ká orúnkún sókè. Máa mí jáde bí o bá ń tì í. Bó bá dúró, ìwọ náà dúró. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ta ló wà pẹ̀lú rẹ?"

"Kò sẹ́ni."

"Báwo ni kò ṣe sẹ́ni? Ṣé inú igbó lò ń gbé? Wá ẹnì kan, kí o sọ fún un. Bó bá di pé wọ́n ní láti gbé ọ, ta ni yóò mọ ohun tí yóò sọ níbẹ̀?"

Oṣù méje ni mo ti lò ní ilé yẹn, mo sì ti fi oṣù méjèèje rí i dájú pé kò sẹ́ni tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn fún mi.

Gáàsì mi ti tán láti Ọjọ́bọ̀. Mo jáde sí ọ̀nà àárín ilé. Àlájà jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi gbígbóná wà nínú fúláàsì yín?"

"Omi gbígbóná lọ́sàn-án? Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Kò sẹ́ni, mà."

"Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn, o sì ń làágùn nínú ọyẹ́." Wọ́n gbójú sókè. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ti ro oríṣi ìdáhùn mẹ́ta. Mi ò lo ọ̀kankan.

"Mo ní ihò kan ní ikùn, mà. Rọ́bà ni mo fi ń gba ibẹ̀ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Láti ọ̀sán, rọ́bà kò wọlé mọ́."

Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Jẹ́ kí n rí i."

Mo gbé aṣọ sókè. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n sì fara balẹ̀ wò ó, bí ẹni tí wọ́n gbé àwo tó sán wá bá.

"Èyí náà ni?"

"Òun ni, mà."

"Ó kéré." Wọ́n tún wò ó. "Gbogbo ìgbà tí Wàídì ń pariwo lé ọ lórí, èyí lò ń bá fà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O kò sì ní ẹnu. Gbogbo Faransé orí rẹ."

Wọ́n fi ọwọ́ ti orúnkún, wọ́n dìde. Wọ́n gbé fúláàsì fún mi, wọ́n sì kọjú sí yàrá Wàídì, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ àti rédíò ti ń bára wọn díje.

"Wàídì, pa rédíò yẹn. Pa ẹ̀rọ náà."

"Kí ló dé, Àlájà?"

"Mọ̀síọ̀ ń sùn."

"Ó ń sùn bí? Àlájà, mò ń wò ó lẹ́yìn yín."

"Orí ìdúró ló ti ń sùn. Pa á jàre."

Mo wọ yàrá. Mo gbọ́ tí wọ́n fa àpótí wọn wá síwájú ilẹ̀kùn mi, wọ́n sì jókòó lé e. Ẹni tó fẹ́ kọjá, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ní kó gbà.

Mo ṣe gbogbo ohun tí Àǹtí Fẹ́lí sọ. Mo fi aṣọ gbígbóná lé ikùn, mo fi rọ́bà sínú omi, mo dùbúlẹ̀, mo gbé ike sí ẹ̀gbẹ́. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbìyànjú. Ó dúró. Èmi náà dúró. Ilé ti dákẹ́ pátápátá, ìdákẹ́jẹ́ náà sì burú ju ariwo lọ. Etí mi kò rí ohun mìíràn gbọ́ ju ikùn mi. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró dè mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àpò mi náà mọ̀. Ó ti le bí àgbọn.

Àlájà sì sọ̀rọ̀ láti ìta.

"Mọ̀síọ̀, ṣé o mọ̀ pé igbó ni gbogbo ibí yìí nígbà tí mo dé?"

Mo di ojú. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé igbó ni. Mo mọ irú igi tó wà nínú igbó náà. Ènìyàn ń kú lọ, wọ́n fẹ́ kó gbọ́ ìtàn ilé kíkọ́ kó tó kọjá.

"Igbó kìjikìji. Ọkọ mi ní, 'Ìyá Gàníyù, ṣé ọ̀bọ lo fẹ́ fi ilé háyà fún?' Mo ní kó fi mí sílẹ̀. A gé igi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Mẹ́jọ ni wọ́n máa ń sọ.

"Ó wá ku iyanrìn. Típà àkọ́kọ́ dé láyọ̀, ó da tiẹ̀, ó lọ. Ìkejì ni òjò ká mọ́, ó wọ inú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà níbí, ó há. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí."

Ìkẹta ló há. Ìkejì kò há. Ìkejì ni awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n fi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ṣe lálejò. Bí ìkejì bá há, ta ló wá jẹ mọ́ínmọ́ín? Mo ti ń to ìtàn náà padà ní orí mi, mo gbé awakọ̀ kejì kúrò nínú ẹrẹ̀, mo fi kẹta síbẹ̀, mo ń mí jáde pẹ̀lú ìbínú ẹni tó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe, ọwọ́ mi sì rọra ń ti rọ́bà láìsí pé mo rò ó.

Ó kọjá ibẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá yí. Ìró omi bẹ̀rẹ̀ nínú ike.

Àlájà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. "Mọ̀síọ̀. Ṣé ó ti ṣí?"

"Ó ti ṣí, mà."

"Alihamudulilai." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ibo ni mo bá a dé?"

"Ibi tí típà ti há."

"Ẹn-ẹ́n." Wọ́n sì bá ìtàn wọn lọ dé òpin. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ikùn mi ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Aago méjì ààbọ̀ ni.

Mo pe ìyá mi kí n tó dìde. Mo sọ fún wọn pé ó kọ̀, mo sọ pé ó ti ṣí, mo sọ ti òrí.

"Àdéhùn wa ńkọ́?"

"Mo rántí, mà."

"Ọjọ́ Ajé, máa bọ̀ nílé."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: pé òrí ló fà á, kì í ṣe Èkó, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta kò tó láti fi ṣèdájọ́. Wọn kò tẹ́tí sí èyíkéyìí.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Àlájà, onílé mi."

"Fún wọn ní fóònù."

Mo nà án gba ilẹ̀kùn. Ìkíni nìkan gba ìṣẹ́jú márùn-ún: wọ́n kí ara wọn kú ọyẹ́, kú ọmọ, kú àìrí. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà nìkan ni mò ń gbọ́.

"Mo rí i, mo fi ojú mi rí i. Ó kéré... Rárá, kò sọ nǹkan kan fún wa, ẹnu rẹ̀ bí ẹnu àpótí... Èmi náà bí ọkùnrin mẹ́ta, mo mọ̀ wọ́n... Ẹ má mú un lọ. Ilé ìwé ń retí rẹ̀... Èmi ni màá máa bi í. Lójoojúmọ́. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Fóònù padà sọ́dọ̀ mi.

"Ìyá náà dáa," ni ìyá mi wí. "Dúró síbẹ̀. Òrí yẹn, ẹsẹ̀ rẹ ni kí o máa fi pa."

Báyìí ni wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ ayé mi láìbi mí. Láti ọjọ́ náà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, kí n tó sùn, ohùn kan máa ń gba ọ̀nà àárín ilé kọjá yàrá mẹ́jọ: "Mọ̀síọ̀, ṣé o ti ṣe é?" Bí mi ò bá tètè dáhùn, Wàídì á bá wọn béèrè. Wàídì kì í kanlẹ̀kùn mọ́. Ó máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó máa ń sọ fún àwọn tó tò sẹ́yìn pé kí wọ́n jẹ́ kí bíríkìlà kọjá. Ó ti gba ìgò àgbo rẹ̀ padà pẹ̀lú.

Mo kúrò ní Kétu nítorí ìbéèrè kan. Mo dé Ìkọ̀tún, wọ́n fi ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mi ò lè sọ pé èyí ni wọ́n ń pè ní kí ènìyàn di ará ibì kan. Ẹ̀rí tí mo ní kò tíì tó. Obìnrin oníyọ̀ ṣì ń pè mí ní ará Kútọnu. Ṣùgbọ́n mi ò fi fóònù sétí mọ́ bí mo bá fẹ́ kọjá ní ọ̀nà tóóró yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, rọ́bà tún fẹ́ ṣe agídí. Jẹ́lì wà, omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wà, mo dùbúlẹ̀ dáadáa. Mo mọ ohun tó kù. Mo ní, "Àlájà, típà yẹn, ibo lẹ ní ó ti há?"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa àpótí bọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Típà wo nínú wọn? Mẹ́rin ni wọ́n."

Mẹ́ta ni wọ́n. Mo mí jáde, mo sì rọra ti rọ́bà.